Ẹ Má Tíì Tẹ Táìlì Yẹn

Nínú ilé wa ní ìlú Margilan, etí ni mo fi ń mọ ẹni tó wọlé. Láti ẹnu géètì títí dé iyàrá àlejò, táìlì ló wà nílẹ̀, táìlì pupa rúsúrúsú tí àbúrò mi Tolib pe ẹnì kan wá tẹ̀ ní ọdún márùn-ún ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jókòó dáadáa láti ọjọ́ náà. Bí Tolib bá wọlé, á dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, nítorí ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Bí Oysara ìyàwó rẹ̀ bá ni, á yára bí òjò orí páànù. Bí ó bá jẹ́ Hulkar ọmọ wọn ni, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n ló ti mọ èyí tó ń mì àti èyí tí kì í mì, á sì máa fò wọ́n kiri bí ẹni ń ṣeré. Èmi ni Saltanat, ẹ̀gbọ́n Tolib. Ọkọ mi ti kú, mo sì ń gbé iyàrá kan ní ẹ̀yìn àgbàlá wọn, níbi tí mo ti ń rán fìlà tà. Amma ni Hulkar ń pè mí, bí a ṣe ń pe obìnrin tó bá bàbá ẹni tan.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi ló ṣe, àti pé díẹ̀ nínú ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Ìparí oṣù kẹta ni, òdòdó ti bo gbogbo igi ápíríkọ́ọ̀tì, nígbà tí Dilorom ránṣẹ́ sí wa. Ta ni kò mọ Dilorom ní àdúgbò wa? Ìdílé rẹ̀ ló ń ta kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ Sarvar ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Fergana, ó sì ń wá ìyàwó fún un. Ó ní òun àti àwọn alárenà òun máa yọjú ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, láti wá wo Hulkar. Ara Oysara kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Alárenà tiwa kì í wo ọmọ nìkan. A máa wo bí wọ́n ṣe gbálẹ̀, a máa wo ìdí ìkòkò, a máa wo bí ìyá ọmọ ṣe ń da tíì. Oysara dúró lórí táìlì ẹnu géètì, ó mì lábẹ́ rẹ̀ bí eyín arúgbó, ó sì bi mí bóyá orí èyí ni Dilorom máa gbé ẹsẹ̀ lé.

Èmi ni mo dárúkọ Elmurod. Mo ti rí ilẹ̀ tó tẹ̀ nílé aládùúgbò wa kan, ó tẹ́jú débi pé èèyàn lè yí ẹyin lórí rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, kò ga púpọ̀, sìmẹ́ǹtì ti la gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Rọ́ṣíà, ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ló padà wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀ Risolat ní abúlé kan lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò sílíkì.

Ọjọ́ Ajé ló dé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí ṣíbí bíríkìlà rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ọwọ́ rẹ̀ kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ etí sílẹ̀. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nígbà tó fi dé iyàrá àlejò, ilẹ̀ ti funfun. Oysara figbe ta. Ó ní àwọn tó ń mì nìkan ni kó tún ṣe, kó fi ìyókù sílẹ̀.

"Màmá," Elmurod dá a lóhùn, "èyí tó ń mì ti jẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Èyí tó dákẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo ló máa fọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò retí."

Ó ṣí ọ̀kan hàn wá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bu sìmẹ́ǹtì lé e ní òkìtì òkìtì, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín, gbogbo ìyókù ṣófo, èèrà sì ti kọ́lé síbẹ̀. Tolib wo òkè, ó wo igi ápíríkọ́ọ̀tì, kò wo ẹnikẹ́ni. Oysara ní ó dáa, kó ṣe é bó ṣe fẹ́, àmọ́ kó parí kí Sátidé tó dé.

Hulkar jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé, ilé ìwé sì wà nínú ìsinmi. Òun ló ń gbé tíì fún oníṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó bi í bí ó ṣe ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Elmurod na ṣíbí sí i, ó ní kó pa ojú dé kó dán an wò. Ó kan ọ̀kan, ó ní ó kún. Ó kan òmíràn, ó ní ó ṣófo. Gbogbo rẹ̀ ló gbà. Elmurod ní òun lo oṣù mẹ́fà kí òun tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, Hulkar sì sọ fún un pé òun ti ń fo táìlì wọ̀nyẹn láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ọmọ ọdún... ó kà á, ó rántí pé nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n òun ti pé mẹ́tàdínlógún, ojú sì tì í, torí eré ọmọdé ni fífò jẹ́ fún ọmọbìnrin tó ti tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gbójú kúrò lára fìlà tí mo ń rán, mo wo ẹ̀rín yẹn, mo sì ní, họ́wù.

Ní ọjọ́ kẹta Elmurod bi Hulkar pé ta ló ń bọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀.

"Àwọn alárenà ni," Hulkar dáhùn.

"Nítorí yín?"

"Nítorí mi. Àmọ́ ilẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò."

Elmurod rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Táìlì méjìlá ló tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀sán, mẹ́rin péré. Mo ti gbé ilé ọkọ rí, mo mọ ohun tó ń fa ọwọ́ ọkùnrin sẹ́yìn lórí iṣẹ́ tí kò fẹ́ kó tán.

Ó tán ṣá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Elmurod so okùn kọjá ẹnu géètì, ó kó bíríkì sí ìdí rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo wa, Oysara àti èmi àti Hulkar, pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, títí di ọ̀sán Sátidé. Ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀yìn, tó gba àárín adìyẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì, ni ká máa gbà.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn alárenà wa. Wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á sì dé ṣáájú ọjọ́, kí wọ́n lè bá ilé bó ṣe wà gan-an. Èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo ń wá ìyàwó fún ọmọ àbúrò ọkọ mi. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó rántí. Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, a gbọ́ tí wọ́n kan géètì. Dilorom ni, òun àti obìnrin méjì, sílíkì lára wọn, bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó lẹ́sẹ̀ wọn. Okùn Elmurod wà láàárín àwa àti àwọn.

Oysara yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?"

Lọ́dọ̀ wa, àlejò ṣáájú bàbá tó bí ni. Wọn kì í dá àlejò padà lẹ́nu géètì, wọn kì í sì í ní kó lọ gba inú ìgbẹ́ adìyẹ wọlé. Mo mọ ohun tí Elmurod sọ, mo sì mọ̀ pé èmi ni àgbà níbẹ̀. Mo wo bàtà Dilorom, mo wo ọ̀nà adìyẹ, mo sì dákẹ́. Oysara fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé," ó ní, "ilé yín ni." Hulkar dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tíì, ó la ẹnu, ìyá rẹ̀ fi ojú dá a lẹ́kun, ó pa ẹnu dé. Mo rí i tí igun táìlì kẹta rì lábẹ́ ẹsẹ̀ Dilorom bí ìgbà tí èèyàn tẹ búrẹ́dì tí kò jinná.

Nínú ilé, gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Oysara ń da tíì ní díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀wọ̀ ni fún àlejò pé kí ife rẹ̀ má kún, kí a lè rí ààyè tún un dà. Ẹni tí wọ́n bá bu tíì kún ife fún, wọ́n ní kó máa lọ ni. Dilorom wo Hulkar lókè nílẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tí wọ́n ń jáde ni gìgísẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí táìlì tó ti gbéra. Ó ṣubú lé orúnkún, sílíkì ya.

"Ta ló tẹ táìlì yìí?" ó bèèrè bí a ṣe ń gbé e dìde.

"Elmurod ni, ọmọ Risolat," Oysara ní. "Ó tàn wá jẹ ni."

Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé Dilorom ń kọ́ ilé alájà méjì lọ́wọ́, Elmurod ló sì ti bá sọ̀rọ̀ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú, ó ti ní kó má wá mọ́. Ó sọ ọ́ ní ọjà, ó sọ ọ́ níbi àsè, ó sọ ọ́ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn méjì mìíràn tó ti gba Elmurod síṣẹ́ ní àwọn ti rí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ajé ó wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí táìlì mẹ́ta. Sìmẹ́ǹtì abẹ́ wọn ti fún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá gbé nǹkan wúwo lé e kó tó mú. Ó wò ó pẹ́.

"Màmá, ṣé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ?"

"Ológbò gan-an ò tẹ̀ ẹ́," Oysara dáhùn.

Elmurod wò mí. Mo wo abẹ́rẹ́ mi. Ó wo Hulkar. Hulkar wolẹ̀. Ó ní kò burú, ó sì tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀, ó so okùn rẹ̀. Nígbà tí Hulkar gbé tíì fún un, ó dúpẹ́, ó gbé e lé orí bíríkì, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò fẹnu kàn án. Hulkar gbé ife náà wọ iyàrá mi bó ṣe wà.

"Amma, ó mọ̀," ó ní. "Ó mọ̀, kò sì sọ."

Oṣù méjì ló fi ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Dilorom fi yé wa pé òun kò dá ọmọ lẹ́bi, pé onítáìlì ló burú, òun máa padà wá bu búrẹ́dì ní oṣù kẹfà. Bí wọ́n bá ti bu búrẹ́dì láàárín ilé méjì, ọ̀rọ̀ parí, ọmọ ti di tiwọn. Oysara ti ń rán ìbòrí. Hulkar a máa jókòó tì mí lẹ́yìn iṣẹ́, a máa bá mi yọ òwú.

Ó sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ kan. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀, òun pe ìyá òun ní òpùrọ́ lójú àlejò. Bí òun kò bá sọ̀rọ̀, òun ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni ohun tó ń ṣe òun tàbí àánú lásán.

"Ìgbà tí o bá rántí rẹ̀, kí lo máa ń rántí?" mo bi í.

"Bó ṣe ń tẹ etí sílẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe àánú," mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní kó ní sùúrù, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Ẹnu àgbà ni mo fi sọ ọ́, àmọ́ ojo ni mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́ níṣojú mi.

Ọjọ́ búrẹ́dì pé. Dilorom wá pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì wà nínú aṣọ funfun, Hoji Yunus tó jẹ́ àgbà pátápátá sì gbé ọ̀kan sókè, ó ti ń sọ bísímílà. Hulkar dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò tíì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má tíì bù ú."

Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló lò. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà.

"Màmá Dilorom, táìlì tó gbé yín ṣubú, kì í ṣe Ọ̀gá Elmurod ló bà á jẹ́. Ó ní kí a má tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹ dé kó tó pé, ojú sì ń tì wá láti ní kí ẹ gba ẹ̀yìn. Àwa la tú okùn rẹ̀. Nígbà tó bi wá, a ní kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe, mi ò sì lè jẹ búrẹ́dì yìí láìsọ ọ́."

Ojú Oysara funfun bí aṣọ tó wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ẹnu mi. Mo ní òótọ́ ni, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù, àmọ́ mo sọ ọ́.

Dilorom kò bínú bí mo ṣe rò. Ó gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ Hoji Yunus pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì wé e padà. "Oysara, ọ̀rọ̀ táìlì kò dùn mí," ó ní. "Àmọ́ ọmọ tó lè tú àṣírí ìyá tó bí i lójú àlejò, kí ló máa ṣe fún ìyá ọkọ?" Ó dìde, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn lórí táìlì yẹn láti iyàrá àlejò dé géètì, kò sì sí ọ̀kan tó dún.

Oysara kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, àfi gbé èyí wá, gbé tọ̀hún lọ. Tolib ló yà mí lẹ́nu. Àbúrò mi tí kì í sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́, ó jí lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ilé tíì níbi tí àwọn oníṣẹ́ ilé máa ń jókòó sí, ó dìde dúró láàárín wọn, ó ní ilé òun ló purọ́ mọ́ ọmọ Risolat, kì í ṣe ọmọ náà ló ṣe iṣẹ́ burúkú. Ó mu tíì rẹ̀, ó wálé, kò sì sọ fún wa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbọ́ ni mo ti gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Iṣẹ́ padà sọ́wọ́ Elmurod. Dilorom gan-an ránṣẹ́ pè é, ó sì lọ tẹ ilẹ̀ ilé alájà méjì náà fún un.

Àmọ́ Elmurod kò yọjú sí wa.

Mo fi ọgbọ́n wádìí. Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Risolat ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbèjà ọmọ òun, Ọlọ́run á gbè é, ṣùgbọ́n òun kò ní fẹ́ ìyàwó láti ilé tó gbé irọ́ lé ọmọ òun lórí. Ó ní ilé tó bá lè purọ́ torí kí ojú má ti òun lọ́dọ̀ àlejò, kí ló kù tí kò ní purọ́ lé?  Àwa náà kò sì lè lọ bá wọn. Lọ́dọ̀ wa, ilé ọmọkùnrin ló ń wá, ilé ọmọbìnrin a máa dúró. Alárenà méjì mìíràn wá ní ìgbà ìkórè, Hulkar kọ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé ọmọ wa ṣì kéré. Ọmọ tó ti pé mẹ́tàlélógún. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Èmi mọ̀, torí kì í fo táìlì kankan mọ́, ó sì ń rìn pẹ̀lẹ́ lórí gbogbo wọn, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán.

Yìnyín já, yìnyín yọ́. Nígbà tí oṣù kẹta tún dé, mo mú ọ̀bẹ.

Oysara ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, èmi ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú táìlì. Iṣẹ́ ọmọ yẹn dára débi pé ọ̀bẹ méjì ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó rí mẹ́ta tú. Nígbà tí Tolib dé, mo ní òtútù ló gbé wọn. Ó wo táìlì, ó wo ìka mi tí mo fi àkísà wé.

"Òtútù ọdún yìí burú o, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ó sì yí padà lọ pe Elmurod fúnra rẹ̀.

Elmurod kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ etí táìlì. "Màmá," ó ní, "òtútù kì í lo ọ̀bẹ."

"Èkúté ni nígbà náà," mo dá a lóhùn. Mo bá wọlé lọ, mo fi ilẹ̀kùn mi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mi ò dití.

Hulkar gbé tíì jáde. Ṣíbí ń dún lórí ilẹ̀.

"Mo bínú sí ọ," Elmurod sọ níkẹyìn. Mo ṣàkíyèsí pé kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. "Ọjọ́ tí mo bèèrè tí o wolẹ̀."

"Mo mọ̀. O ò mu tíì mi."

"Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí o ṣe níwájú búrẹ́dì. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ta ni mo jẹ́ tí ọmọ èèyàn fi máa ba ilé ara rẹ̀ jẹ́ nítorí mi."

"Kì í ṣe nítorí rẹ nìkan. Mi ò fẹ́ máa gbé inú ilé kí n máa yẹ ẹsẹ̀ kiri."

"Nítorí mi díẹ̀ ńkọ́?"

Mo dá abẹ́rẹ́ dúró. Hulkar ti ife sún mọ́ ọn.

"Mu tíì rẹ kó tó tutù," ó ní.

Ó mu ún tán. Ó sì na ife náà sí i pé kó tún dà á. Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ fún un pé òun máa tún bá ìyá òun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá òun le. Hulkar ní tòun náà ò rọ̀. Kó tó lọ, ó so okùn mọ́ ẹnu géètì, ó kó bíríkì sí ìdí rẹ̀ bíi ti ọdún tó kọjá, ó sì ní ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kejì gan-an, láàárọ̀, ẹnì kan kan géètì. Oysara lọ ṣí i, Hulkar àti èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Risolat ló dúró síbẹ̀, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ abúlé lára bàtà, búrẹ́dì kan nínú aṣọ lábẹ́ apá rẹ̀, torí wọn kì í lọ sílé èèyàn lọ́wọ́ òfo. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Kò tújú ká, kò sì fajú ro, ó ń wò wá ṣáá.

Oysara mọ ẹni tó jẹ́. Ó mọ ohun tó mú un wá, ó sì mọ̀ pé òun kò fẹ́ onítáìlì fún ọmọ òun rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Bó bá ní ẹ wọlé, ẹsẹ̀ Risolat fúnra rẹ̀ ló máa ba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́, a ó sì tún padà síbi tí a wà lọ́dún tó kọjá. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sára okùn. Hulkar di apá mi mú débi pé ó dùn mí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti la ẹnu mi.

Oysara kò tú okùn náà. Ó fà á le sí i.

"Ẹ má bínú, ìyá," ó ní. "Ẹ má tíì tẹ táìlì yẹn. Ọmọ yín ló tẹ̀ ẹ́ lánàá, kò tíì gbẹ. Ẹ̀yìn lẹ máa gbà. Adìyẹ pọ̀ níbẹ̀, ẹ ká aṣọ yín sókè."

Risolat wò ó títí.

"Ẹ̀yìn náà lẹ̀yin náà ń gbà?"

"Gbogbo wa."

"Ó dáa," Risolat ní, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè.

A kò lè mú un dé iyàrá àlejò, torí orí táìlì ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Inú ilé ìdáná ló jókòó sí, lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, níbi tí àlejò kankan kò jókòó sí rí nílé wa. Hulkar ń da tíì fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ife kìíní, wọ́n sọ̀rọ̀ òtútù. Ife kejì, wọ́n sọ̀rọ̀ kòkòrò sílíkì. Ní ife kẹta, Risolat tú búrẹ́dì rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ẹ̀bi ni mo wá wá," ó ní. "Mo fẹ́ rí nǹkan kan tí mo máa fi sọ fún ọmọ mi pé rárá."

"Ẹ̀bi wà," Oysara dáhùn. Hulkar ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe Risolat. "Èmi ni mo purọ́ yẹn. Ọmọ mi kò jẹ̀bi, ọmọ yín kò jẹ̀bi. Ojú àlejò ni mo ń wò."

Láti oṣù kẹfà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo ojú ọmọ rẹ̀ tààrà. Omi bọ́ lójú Hulkar, ó sì ń da tíì lọ, ife kún dé etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn sílẹ̀. Risolat wo ife tó kún náà, ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní kí n máa lọ ni?" ó bèèrè. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, Oysara pàápàá.

Ìgbà yẹn ló na búrẹ́dì náà síwájú. "Ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú," ó sọ fún Oysara.

Oysara nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì dì í mú, wọ́n sì jọ bù ú.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹnu géètì iwájú ni gbogbo àlejò gbà, wọ́n rìn lórí táìlì yẹn láti àárọ̀, kò sì dún. Mo jókòó, mo ń tẹ́tí sí i bóyá Risolat ti dé. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn ilé ni mo mọ̀ pé ó ti wọlé.